Yíya Máàpù Ewu Ibà Láti Fi Ṣètò Iṣẹ́ ní Abuja àti Òkè Ọya

Nẹ́ẹ̀tì kì í kárí, oògùn kì í kárí, owó epo ọkọ̀ àwọn tó ń pín wọn pàápàá kì í tó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ pinnu ibi tí iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí máàpù níwájú onítọ̀hún, ibi tí ọ̀nà rẹ̀ já gaara tàbí ibi tí olóṣèlú ti ń pariwo ni nǹkan máa ń lọ, ọmọ tó wà ní òdìkejì odò ní Abaji a sì tún dúró di ọdún tó ń bọ̀. Máàpù ewu ń jẹ́ ká rí ibi tí ibà ti ń jà jù, ohun tó fà á níbẹ̀, àti àwọn tí ìrànlọ́wọ́ kò tíì kàn.

Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2010 rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ 42 nínú gbogbo ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ní 2021, iye náà ti wálẹ̀ sí 22. Ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ní 2021 yẹn náà, 49 ni ti Kebbi. Bí iye kan ṣe lè bo ìpínlẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lè bo abúlé mọ́lẹ̀ nínú ìjọba ìbílẹ̀.

Ìlànà yìí wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa ní àwọn Area Council (ìjọba ìbílẹ̀ Abuja), àwọn ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, àti àwọn ẹgbẹ́ àti ìjọ ọmọ Yorùbá ní Kubwa, Lugbe, Nyanya tàbí Kano tó ń dáwó ra nẹ́ẹ̀tì tàbí tó ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́. Kọ̀ǹpútà kan tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ tó 8GB, QGIS (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù) tó jẹ́ ọ̀fẹ́, Excel, àti fóònù Android tí KoboCollect (áàpù tí a fi ń kọ dátà sílẹ̀) wà lórí rẹ̀ ti tó. KoboCollect máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó di ìgbà tí ẹ bá padà dé ìlú kó tó fi ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́.

Ẹ kọ ìpinnu sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí QGIS

"A fẹ́ mọ bí ibà ṣe rí ní Kuje" kì í ṣe ìpinnu. Ìpinnu ni: "Wọ́ọ̀dù mẹ́ta wo ní Kuje ló máa kọ́kọ́ gba nẹ́ẹ̀tì 5,000 kí oṣù Kẹrin tó parí?" Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kí ẹ sì kọ ipò ẹni tó máa fọwọ́ sí i sábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó máa lo máàpù náà, ara ògiri ọ́fíìsì ló máa parí sí.

Ìbéèrè yẹn ló máa sọ bí ẹ ṣe máa pín ilẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, wọ́ọ̀dù ló yẹ kẹ́ ẹ wò. Bó bá jẹ́ omi tí tanwíjí wà nínú rẹ̀ lẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ gbọ́dọ̀ fi omi kọ̀ọ̀kan sórí máàpù. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ máa gbé òṣìṣẹ́ ìlera abúlé sí, abúlé kọ̀ọ̀kan ni. Abuja ní Area Council 6 àti wọ́ọ̀dù 62: 12 ní AMAC (Abuja Municipal), mẹ́wàá mẹ́wàá ní Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Ẹni tó bá fi àwọ̀ kan kun gbogbo AMAC ti ka Wuse àti Karshi sí ibì kan náà, bẹ́ẹ̀ wọn ò jọra ní omi, wọn ò jọra ní ilé, wọn ò sì jọra ní bí ilé ìwòsàn ṣe jìnnà sí wọn.

Dátà tí ẹ máa kó jọ

Ìròyìn oṣooṣù àwọn ilé ìwòsàn ni ìpìlẹ̀. Orí DHIS2, ibi tí ìjọba ń kó ìròyìn ìlera jọ sí lórí kọ̀ǹpútà, ló wà, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ M&E (ẹni tó ń bójú tó ìròyìn) ní Area Council ni ẹ ti máa fi lẹ́tà béèrè fún un. Ẹ béèrè ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, nítorí pé òjò ọdún kan lè ṣàdédé pọ̀ tàbí kó ṣàdédé wọ́n. Kọ́lọ́ọ̀mù tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: iye àwọn tí ara wọn gbóná, iye tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún, iye tó jẹ́ pọ́sítíìfù, iye tí wọ́n fún ní oògùn ibà láìṣe àyẹ̀wò, àti iye oṣù tí ilé ìwòsàn náà fi ìròyìn ránṣẹ́. Ẹ ya àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti àwọn aláboyún sọ́tọ̀.

Ẹ má fojú kéré dátà àwọn aláboyún. Aláìsàn nìkan ló ń wá ṣe àyẹ̀wò ibà, àmọ́ aláboyún ń wá forúkọ sílẹ̀ yálà ara rẹ̀ gbóná tàbí kò gbóná. Bí ilé ìwòsàn kan bá ń ṣe RDT (àyẹ̀wò ibà kíákíá) fún gbogbo aláboyún nígbà àkọ́kọ́ tó bá wá, ìdá tó jáde ní pọ́sítíìfù sún mọ́ òótọ́ àdúgbò yẹn ju ìwé àwọn aláìsàn lọ.

Ibi tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan wà ń bẹ nínú Nigeria Health Facility Registry. Ààlà wọ́ọ̀dù àti orúkọ àwọn abúlé wà lọ́dọ̀ GRID3 (ètò tó ń pèsè dátà máàpù), ọ̀fẹ́ ni. Iṣẹ́ máàpù tí wọ́n ṣe láti fi lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kúrò ní Òkè Ọya ló bí púpọ̀ nínú rẹ̀. Fún òjò, CHIRPS ní àkọsílẹ̀ láti 1981. Fún omi àti ewéko, ẹ lo àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2. Bí ilẹ̀ ṣe ga sí wà nínú SRTM. Ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n pín nẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn àti iye tí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan gbà kún un. Wọ́n sábà máa ń pín nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta, púpọ̀ nínú wọn a sì ti ya kí ọdún kẹta tó pé.

Iye ènìyàn àti ìwé tí kò pé: ibí ni máàpù ti ń bàjẹ́ jù

Ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà jẹ́ ti 2006. Ènìyàn 1,406,239 ni wọ́n kà ní Abuja nígbà náà. Bí ẹ bá ń fi ìpín kan náà sọ iye yẹn di púpọ̀ lọ́dọọdún fún gbogbo wọ́ọ̀dù, ẹ máa ṣi iye àwọn tó wà ní Lugbe, Kubwa àti Nyanya lò gan-an, nítorí àwọn àdúgbò tó ti ìta yọ wọ̀nyí ló gbà púpọ̀ nínú àwọn tó ń wọ Abuja. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé iye ènìyàn á kéré lórí ìwé, iye aláìsàn á pọ̀, wọ́ọ̀dù náà á wá pupa (àwọ̀ ewu ńlá) ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi iye ènìyàn tí GRID3 tàbí WorldPop ṣírò wéra pẹ̀lú iye ọmọ tí wọ́n kà nígbà tí wọ́n ń fún wọn ní oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Nínú ètò ìlera wa, a máa ń ka àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún ọmọ 3,000 ní oògùn yẹn ní wọ́ọ̀dù kan, ènìyàn ibẹ̀ á máa tó 15,000. Bí ìwé bá sọ pé 8,000 ni, ẹ wádìí kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Àlàfo kì í ṣe òdo. Ilé ìwòsàn tí kò fi ìròyìn oṣù Kẹsàn-án ránṣẹ́ kò sọ pé òun kò rí aláìsàn. Bí Excel bá kọ 0 síbẹ̀, wọ́ọ̀dù yẹn á jáde ní àwọ̀ ewé, bíi pé ewu kò sí, nígbà tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló lọ síṣẹ́ níbòmíràn. Ẹ yọ òdo tó bá wà láàárín oṣù méjì tí iye wọn pọ̀, kí ẹ sì pe ilé ìwòsàn náà lórí fóònù.

Ẹ tún wo ibi tí aláìsàn ti ń wá. Nyanya wà létí ààlà, ará Mararaba ní ìpínlẹ̀ Nasarawa sì ń gbà á kọjá wá tọ́jú ara wọn. Zuba náà ń gba ará Suleja. Bí rẹ́jísítà bá ní àdírẹ́sì, ẹ mú aláìsàn 100 nínú oṣù òjò kan àti 100 nínú oṣù ẹ̀ẹ̀rùn kan, kí ẹ ka iye tó ti ìta ààlà wá. Bó bá jẹ́ 70 nínú 200 náà, ẹ yọ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú iye Nyanya, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí àwọn ará Nasarawa, nítorí ẹ̀fọn kò mọ ààlà.

Bí ọmọ kan bá lo oògùn tán, tí kòkòrò sì ti kú nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, irú RDT tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ṣì lè fi ìlà méjì hàn, ìyẹn pọ́sítíìfù, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìyá tó gbé e padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì á mú kí ìwé ka ibà kan ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ wá orúkọ kan náà àti ọjọ́ orí kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ kà á ní ẹ̀ẹ̀kan.

Àwọn ará Maitama àti Wuse ń lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni, púpọ̀ nínú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kì í fi ìròyìn ránṣẹ́. Ní abúlé, kẹ́mísì ló ń gba ẹni púpọ̀ kí ilé ìwòsàn tó rí wọn. Nítorí náà, wọ́ọ̀dù tí ìròyìn rẹ̀ kò bá tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fi àwọ̀ eérú kùn ún, kí ẹ kọ "dátà kò tó" sí i. Àwọ̀ eérú jẹ́ òótọ́. Àwọ̀ ewé tí kò ní ẹ̀rí lè pa ọmọ.

Ìṣirò tó ń sọ iye aláìsàn di ewu

Ká sọ pé wọ́ọ̀dù kan ní ènìyàn 15,000. Láàárín ọdún kan, àyẹ̀wò fi hàn pé aláìsàn 720 ní ibà. Wọ́n tún fún 200 míì ní oògùn láìṣe àyẹ̀wò. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ pọ́sítíìfù.

Ẹni tó bá yára á pín 720 sí 15,000, á ní aláìsàn 48 nínú ènìyàn 1,000. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe é bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní ká máa ṣe é. Nínú 200 tí wọn kò yẹ̀ wò, ìdá 60 ni 120. Ẹ fi kún 720, ó di 840. Bó bá jẹ́ pé ìdá 80 ìròyìn tó yẹ ló wọlé, ẹ pín 840 sí 0.8, ó di 1,050. Bí ìwádìí bá sì fi hàn pé 50 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ara wọn gbóná ló lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, tí 40 lọ sí kẹ́mísì tàbí ilé ìwòsàn aládàáni, tí 10 kò lọ síbì kankan, ẹ pín 1,050 sí 0.5, ó di 2,100. Ìyẹn jẹ́ aláìsàn 140 nínú ènìyàn 1,000.

Àjọ náà pè é ní ewu tó kéré gan-an bí kò bá tó 100 nínú 1,000 lọ́dún kan, ewu kékeré láti 100 sí 250, ewu àárín láti 250 sí 450, ewu ńlá láti 450 lọ sókè. Wọ́ọ̀dù yìí ti kúrò ní ìpele kan bọ́ sí òmíràn nítorí ìṣirò tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ ṣe é fún gbogbo wọ́ọ̀dù, kí ẹ sì fi iye àkọ́kọ́ àti iye ìkẹyìn sínú tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni lè rí ohun tí ẹ ṣe.

Ní ibi tí ènìyàn kò pọ̀, bí 600 nínú abúlé kan, aláìsàn mẹ́ta péré lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ da ọdún mẹ́ta pọ̀ tàbí kí ẹ so abúlé mẹ́ta tó fara kan ara wọn pọ̀.

Lórí QGIS

Nígbà tí ẹ bá ń kó àkọsílẹ̀ GPS wọlé, X ni lóńgítúdì, Y ni látítúdì. Ní Abuja, Y máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8 tàbí 9, X pẹ̀lú 6 tàbí 7. Bí ẹ bá ṣèèṣì pa wọ́n dà, ilé ìwòsàn tó wà láàárín Abuja á já bọ́ sí agbègbè Gboko ní ìpínlẹ̀ Benue. Ẹ ṣí máàpù OpenStreetMap sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo bóyá gbogbo àmì wà níbi tó yẹ. Èyí tó bá bọ́ sínú odò tàbí sórí òkè, ẹ rán ẹnì kan lọ wo ibẹ̀.

Kí ẹ tó wọn ìjìnnà kankan, ẹ yí láyà yín (ìpele dátà lórí máàpù) padà sí UTM, ètò tó ń fi mítà wọn nǹkan. Fún Abuja, Kaduna, Kano àti Jos, nọ́ńbà rẹ̀ nínú QGIS ni EPSG:32632. Sokoto, EPSG:32631. Maiduguri, EPSG:32633. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kéèyàn fi láyà tó wà ní dígírì ṣe òrùka kílómítà 5 yí ilé ìwòsàn ká. Dígírì kan tó nǹkan bí kílómítà 111, QGIS á sì ya òrùka dígírì 5, tó máa bo púpọ̀ nínú Òkè Ọya mọ́lẹ̀. Ní 32632, ẹ tẹ 5,000. Àwọn abúlé tó bá ṣẹ́kù síta òrùka náà ni ẹ máa kọ́kọ́ ronú lé lórí fún òṣìṣẹ́ ìlera abúlé. Ẹ má gbàgbé pé òrùka kò mọ odò: abúlé tó wà ní kílómítà 3 sí ilé ìwòsàn lè di kílómítà 20 bí odò Gurara bá kún.

Ẹ ya òrùka kílómítà 1 sí 2 yí omi àti fàdámà ká, nítorí ẹ̀fọn kì í sábà fò jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ènìyàn bá wà nítòsí. Láti rí omi nínú Sentinel-2, ẹ mú Band 3 àti Band 8: ẹ yọ 8 kúrò nínú 3, kí ẹ pín in sí àpapọ̀ wọn. Ibi tí ìdáhùn bá ju 0 lọ sábà máa ń jẹ́ omi. Àwòrán oṣù Keje sí Ìkẹsàn-án máa ń kún fún ìkùukùu. Ẹ lo ti oṣù Kẹwàá, tàbí Sentinel-1 (ti rédà) tí ìkùukùu kì í dí lọ́wọ́. Ní ti CHIRPS, ẹ̀gbẹ́ kan àpótí kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ tó kílómítà 5 ààbọ̀. Ó lè sọ ìyàtọ̀ láàárín Abaji àti Bwari fún yín. Kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín àdúgbò méjì ní Kubwa, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tàn yín.

Bí ẹ bá fẹ́ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ di máàkì kan, àpẹẹrẹ tó ṣeé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìyí, nínú 100: iye aláìsàn nínú 1,000 gba 40, ìdá pọ́sítíìfù gba 20, omi tó wà nítòsí gba 15, ìjìnnà sí ilé ìwòsàn gba 15, àìní nẹ́ẹ̀tì gba 10. Ẹ má fi òjò, ewéko àti omi sí i lẹ́ẹ̀kan náà: òjò ló bí méjèèjì yòókù, ẹ máa ti ka nǹkan kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ìpín náà padà díẹ̀, kí 40 di 30, kí 15 ti omi di 25. Wọ́ọ̀dù tó bá ṣì wà lára mẹ́wàá àkọ́kọ́ lẹ́yìn gbogbo ìyípadà ni kí ẹ gbọ́kàn lé. Èyí tó bá ń fò láti ipò kẹta sí ipò ogún, ẹ lọ fi ojú yín rí i.

Ẹ gbé máàpù lọ sójú pápá

Ẹ yan àdúgbò pupa márùn-ún, àwọ̀ ewé márùn-ún, àti gbogbo eérú tí agbára yín bá ká. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí Mai Unguwa (olórí àdúgbò) tàbí Sarki (ọba) ibẹ̀, kí ẹ tẹ́ máàpù sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ béèrè ibi tí omi máa ń dúró sí àti ọ̀nà tó máa ń gé nígbà òjò. Àwọn àgbà Gbagyi mọ àbàtà tí sátẹ́láìtì kò rí, torí igi ti bò ó.

Ohun tí wọ́n fi ń bu omi wo tanwíjí jẹ́ ife funfun tó ń gba 350 ml, tí ó ní ọwọ́ gígùn. Ẹ dúró níbi tí òjìji yín kò ti ní bọ́ sórí omi, nítorí tanwíjí máa ń rì sísàlẹ̀ bí ó bá rí òjìji. Ẹ fi ife náà wọ omi pẹ̀lẹ́ ní ìdagẹ̀ẹ́rẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ koríko, lẹ́ẹ̀mẹwàá ní omi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dúró díẹ̀ kí omi inú rẹ̀ rọlẹ̀. Tanwíjí Anopheles, tí í ṣe ti ibà, máa ń sùn pẹrẹsẹ lójú omi, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ kan ojú omi. Ti Culex máa ń fi orí kọ́ sísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ nìkan ló ń yọ sókè, ó ń fi ọ̀pá kékeré ibẹ̀ mí. Bí ẹ bá ti rí méjèèjì nínú ife kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní ṣì wọ́n mọ̀ mọ́.

Ìyàtọ̀ yìí ló máa ń gba owó lọ́wọ́ òfò. Gọ́tà dúdú tó ń rùn ní Nyanya tàbí Mpape kún fún Culex, tó ń kùn létí wa lálẹ́, àmọ́ tí kì í gbé ibà. Èyí tó ń gbé ibà fẹ́ràn omi tó mọ́ díẹ̀ tí oòrùn ń pa: ojú ẹsẹ̀ táyà tírélà, kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa, kòtò àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, oko ìrẹsì, ẹsẹ̀ màlúù létí odò, àti àwọn adágún kéékèèké tí odò Usuma ń fi sílẹ̀ nígbà tó bá fà. Láti ẹyin dé ìgbà tó bá fò jẹ́ ọjọ́ 7 sí 14, nítorí náà omi tó bá gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta kò yẹ lórí máàpù yín.

Ohun mẹ́ta ló máa ń mú kí máàpù tó gbára lé òjò nìkan ṣi ọ̀nà ní Òkè Ọya. Àkọ́kọ́ ni omi ìbomirin. Ní Kura àti Kadawa ní Kano, omi láti ìdídò Tiga ń wọ oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀fọn sì ń bí sí i nígbà tí òjò ti dákẹ́ pátápátá. Ìkejì ni òtútù: ní Jos, tí ilẹ̀ rẹ̀ ga tó mítà 1,200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọyẹ́ ń fa ọwọ́ aago kòkòrò ibà sẹ́yìn. Ní dígírì 25, kòkòrò náà ń gba nǹkan bí ọjọ́ 12 nínú ẹ̀fọn kó tó lè ran ènìyàn. Ní dígírì 20, nǹkan bí ọjọ́ 28, púpọ̀ nínú ẹ̀fọn a sì ti kú kí ó tó pé. Ìkẹta ni Anopheles stephensi, irú ẹ̀fọn ibà mìíràn tí wọ́n rí ní Gombe ní 2020. Inú táǹkì, dúrọ́ọ̀mù àti kànga ló ń bí sí, láàárín ìlú, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá wà ní ìlú ńlá, ẹ ṣí ìdérí táǹkì wò kí ẹ tó fi àwọ̀ ewé kun àdúgbò kankan.

Ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń béèrè

Pupa nìkan kò sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Bí ibà bá pọ̀, tí nẹ́ẹ̀tì kò sì sí, ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì lọ. Ìṣirò rẹ̀ ni iye ènìyàn tí a pín sí 1.8: fún wọ́ọ̀dù ènìyàn 9,000, nẹ́ẹ̀tì 5,000 ni, bí bélì kan bá ní 50, bélì 100. Bí nẹ́ẹ̀tì bá wà nílé tí ibà kò sì lọ, ẹ wọlé láàárọ̀ kùtùkùtù wò ó bóyá ó wà lókè ibùsùn tàbí inú páálí. Bó bá wà lókè, tí àwọn ará ilé sì ń sùn sábẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìpínlẹ̀ wádìí bóyá oògùn ara nẹ́ẹ̀tì náà kò ran ẹ̀fọn ibẹ̀ mọ́. Nẹ́ẹ̀tì tó ní PBO tàbí chlorfenapyr (èròjà tí wọ́n ń fi kún oògùn ara nẹ́ẹ̀tì) ni wọ́n ń lò níbi tí ẹ̀fọn ti lágídí.

Bí ìdá pọ́sítíìfù bá ga, tí àyẹ̀wò sì kéré, RDT ló wọ́n. Ẹ kó o lọ kí ẹ tó ronú ohun mìíràn. Bí abúlé bá kọjá kílómítà 5, ẹ kọ́ ẹnì kan nínú wọn láti lo RDT àti ACT, oògùn tó ń wo ibà. Fún aláboyún, SP (oògùn tó ń dènà ibà) ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 13 oyún, oṣù kan láàárín ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ má ná owó lórí oògùn tí wọ́n ń dà sómi àfi níbi tí omi náà kéré níye, tó dúró lójú kan, tó sì ṣeé rí. Ní fàdámà ìrẹsì ńlá, owó á tán kí omi tó tán.

Oògùn ìgbà òjò fún àwọn ọmọ oṣù 3 sí 59, ìyẹn SMC, yẹ ibi tí ibà ti máa ń kó jọ sínú oṣù díẹ̀. Fún ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, ẹ ro oṣù mẹ́rin tó tẹ̀léra tí iye wọn pọ̀ jù pọ̀, kí ẹ pín in sí iye ọdún kan. Bó bá tó ìdá 60, ibà ibẹ̀ jẹ́ ti ìgbà. Fún wọ́ọ̀dù 9,000 yẹn: ọmọ 1,800 ni kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ yọ 90 tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ó ku 1,710. Nǹkan bí 270 nínú wọn wà ní oṣù 3 sí 11, wọ́n ń lo ti kékeré. 1,440 wà ní oṣù 12 sí 59, wọ́n ń lo ti ńlá. Fún ìgbà mẹ́rin, pákẹ́ẹ̀tì kékeré 1,080 àti ńlá 5,760, kí ẹ wá fi ìdá 10 kún un fún èyí tí ọmọ á bì. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ náà, ẹ ṣe RDT fún un ná.

Ní Abuja, òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ní Sokoto àti Maiduguri, ó máa ń di oṣù Kẹfà. Ibà ń tẹ̀lé òjò lẹ́yìn bí oṣù kan sí méjì. Nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ti wà lókè ibùsùn kí òjò tó fìdí múlẹ̀; ọkọ̀ tó bá gbéra ní oṣù Kẹjọ lọ sí Abaji á rì sínú ẹrẹ̀.

Kí máàpù náà lè máa wúlò

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé A3, kí àwọ̀ má ju mẹ́rin lọ yàtọ̀ sí eérú, kí ọjọ́ dátà wà ní igun rẹ̀. Máàpù tí ẹ máa fún àwọn aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní àmì ilé aláìsàn kankan tàbí orúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́ọ̀dù tó.

Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà òjò kọ̀ọ̀kan, ní oṣù Kejìlá, kí ó lè wọ ètò ìnáwó. Ẹ má yí ààlà àwọ̀ padà: bí QGIS bá tún pín ìpele fúnra rẹ̀, wọ́ọ̀dù márùn-ún á máa pupa lọ́dọọdún kódà bí ibà bá ti dín kù ní gbogbo ibi. Ẹ fi 100, 250 àti 450 síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ yín. Bí wọ́ọ̀dù kan bá sì bọ́ láti pupa sí àwọ̀ ewé láàárín ọdún kan, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé ìtọ́jú ọjà ilé ìwòsàn ibẹ̀, kí ẹ wo iye oṣù tí RDT fi tán nílẹ̀ ní ọdún yẹn.